Bí Èèyàn Yín Bá Wà Lẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Ohùn Rẹ̀, Kí Ẹ sì Rí Ojú Rẹ̀

Àǹtí kan tí mo mọ̀ ní Houston ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò tíì bọ́ bàtà tí fóònù fi dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí ni. Ó gbé e, ohùn ẹ̀rọ ló gbọ́, tó ń da Gẹ̀ẹ́sì bo ara wọn. Ó ní, "Àwọn oníjìbìtì tún ti dé," ó pa á. Ó tún dún, ó tún pa á. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, oorun ti ń kùn ún, ó kàn gbé fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ló tó gbọ́ ọ. Àlàfo kékeré kan wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀rọ yẹn, kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ohùn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀: "Àǹtí, èmi ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á."

Orúkọ ló yẹ kí ọmọ náà sọ sínú àlàfo yẹn. Ẹ̀rọ máa ń gba orúkọ ẹni tó ń pè sílẹ̀, á wá gbé e sáàárín ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ẹni tí wọ́n pè lè mọ ẹni tó jẹ́. Ọmọ náà fi àyè orúkọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, nítorí ó ti mọ̀ pé wọ́n ń pa á mọ́ òun létí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ èyí fún mi ni mo ti ń bá àwọn ará wa sọ ọ̀rọ̀ yìí níbikíbi tí mo bá ti rí wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé yín ni pé ẹ kò lè pè é. Ẹni tó wà nínú ló ń pe ẹni tó wà níta. Bí ẹ bá pe ọgbà náà, wọ́n lè sọ fún yín pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n lè sọ ọjọ́ tó máa dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní lọ fi fóònù lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ tún ọ̀nà ṣe sílẹ̀ láti ìhà ọ̀dọ̀ yín, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tó bá ráyè tẹ nọ́ńbà yín, ilẹ̀kùn títì ló máa bá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wa lójú ni pé "ẹ̀wọ̀n" ni èdè wa ń pe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà pín in. Ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí kò tíì rí béèlì, tàbí tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mélòó kan fún, àtìmọ́lé káúńtì ló sábà máa ń wà. Jail ni wọ́n ń pe ìyẹn, ṣéríìfù ló sì ń darí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi tí ọdún rẹ̀ sì pọ̀, prison ni wọ́n ń gbé e lọ, bóyá ti ìpínlẹ̀, bóyá ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló fà á, ọwọ́ ICE ló wà, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò pé, ICE sì lè gba àyè nínú àtìmọ́lé káúńtì kan kó fi í síbẹ̀. Ọwọ́ mẹ́rin nìyẹn, kálukú ló sì ní òfin fóònù tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹnì kan bá sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí, pé "báyìí ni mo ṣe ṣe é fún ọmọ tèmi", fi lè jẹ́ òótọ́ pátápátá kó má sì ṣiṣẹ́ fún yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ọwọ́ tó wà àti nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Orí ìkànnì bop.gov ni wọ́n ti ń wá ẹni tó wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, márùn-ún níwájú, dáàṣì, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ti ICE wà ní locator.ice.gov. Ẹ lè fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A wá a, ẹ sì lè fi orúkọ àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i wá a. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìkànnì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ káúńtì náà sì ní. Bí ẹ kò bá mọ káúńtì tó jẹ́, ẹ gbìyànjú VINELink, ìkànnì tí wọ́n fi ń wá ẹni tó wà látìmọ́lé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Orúkọ wa ló máa ń fa wàhálà níbí. Ẹ̀rọ tó ń wá ẹlẹ́wọ̀n kì í ro ohun tí ẹ ní lọ́kàn; bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ló máa ń wá. Wọ́n lè gé Oluwaseun sí méjì, kí "Oluwa" di orúkọ, kí "Seun" di orúkọ àárín. Orúkọ bàbá lè bọ́ síwájú. Bí orúkọ òyìnbó bá wà nínú pásípọ́ọ̀tù tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í pè é, òun gan-an ni wọ́n lè lò. Kí ẹ tó máa sunkún pé wọ́n ti gbé e lọ síbi tí a kò mọ̀, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ẹ kọ orúkọ náà bó ṣe wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Bí ẹni tí wọ́n mú bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí kò tíì gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà, dandan ni fún àwọn tó mú un kí wọ́n fi tó kọ́ńsúlù Nàìjíríà létí, yálà ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ti bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tijú láti pe kọ́ńsúlù ní New York tàbí Atlanta, tàbí ẹ́ḿbásì ní Washington, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbọ́.

Ní báyìí, ó ku fóònù. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń gbé fóònù fún ọ̀pọ̀ ọgbà. Securus àti ViaPath ló tóbi jù. GTL ni ViaPath ń jẹ́ títí di 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ kò lè yan èyí tó wù yín, ọgbà ló ti yàn án. Ẹ lọ sí ojú ewé ọgbà náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ gba ibẹ̀ wọlé lọ ṣí àkáǹtì. Ẹ má kàn kọ orúkọ rẹ̀ sí Google kí ẹ tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, nítorí ìpolówó ló sábà máa ń wà lókè.

Owó sísan ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Àpò méjì ló wà. Èkíní jẹ́ tiyín: ẹ̀yin lẹ ṣí i, nọ́ńbà fóònù yín ni wọ́n so ó mọ́, ìgbà tó bá pe nọ́ńbà yẹn nìkan ni owó ń jáde níbẹ̀. Securus ń pe tirẹ̀ ní AdvanceConnect, ViaPath ń pe tirẹ̀ ní AdvancePay. Èkejì jẹ́ tirẹ̀: ẹ rọ owó sí i, ó sì lè fi pe ìyàwó rẹ̀, pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbà fún un láti pè. Debit ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lẹ́yìn méjèèjì, owó kọmísárì tún wà lọ́tọ̀, èyí tó fi ń ra ọṣẹ, núdù àti ìwé ìkọ̀wé. Tó bá ní kí ẹ fi 50 dọ́là ránṣẹ́, ẹ bi í pé sínú àpò wo. Mo mọ ẹni tó rọ owó sí kọmísárì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọmọ òun kò pe òun, ọmọ náà sì ń jẹ bísíkíìtì, kò ní owó fóònù.

Èwo ló dára jù? Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ìpè nínú ẹbí, àpò tiyín ni kí ẹ lò. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fúngun mọ́ ọn pé kó fi owó fóònù rẹ̀ bá àwọn pè, owó tó bá wà lórí nọ́ńbà yín kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti fún wọn. Àmọ́ bí ìyàwó àtàwọn ọmọ bá wà níbì kan, tí màmá wà níbòmíràn, ẹ fi sí tirẹ̀ kó lè pín in.

Ẹ tún fóònù yín yẹ̀ wò. Bí iPhone yín bá ń pa àwọn nọ́ńbà àjèjì lẹ́nu mọ́, tàbí bí ilé iṣẹ́ síìmù yín bá ń dí àwọn ìpè tó fura sí, ẹ yọ ọ́ kúrò. Tó bá bọ́ sí fọ́ìsìméèlì, ìpè náà ti kú nìyẹn. Tó bá wá dún, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀rọ náà dé òpin kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Nọ́ńbà kan wà tí ẹ máa tẹ̀ láti gbà á, ó sì ṣeé ṣe kí òmíràn wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìpè láti ọgbà náà ti di dídí nìyẹn, ẹ ó sì pe ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ṣí i.

Ní ọgbà ìjọba àpapọ̀, ẹlẹ́wọ̀n ló máa fi orúkọ àti nọ́ńbà yín sínú ìwé rẹ̀, 30 nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń gbà fún un. Ìpè kọ̀ọ̀kan kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ, àpapọ̀ rẹ̀ lóṣù sì sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 300. Bẹ́ ẹ bá pín in, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ni. Tí kò bá pè yín lánàá, ó lè jẹ́ pé ó ń ṣọ́ ìṣẹ́jú rẹ̀ lò ni. Ìpè fídíò kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọgbà obìnrin ló pọ̀ jù tó ní i. Ṣùgbọ́n ó lè kọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà sí yín, ẹ̀yin á sì máa kà á lórí CorrLinks, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti fi ìméèlì yín ránṣẹ́ pè yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí ẹbí wa máa ń ṣe jù. Màmá wà ní Ìbàdàn, ọmọ wà látìmọ́lé ní Texas, àbúrò wà ní Dallas. Fóònù dún lọ́wọ́ àbúrò, ó yára pe màmá lórí WhatsApp, ó gbé fóònù méjèèjì kojú ara wọn lórí tábìlì, kí màmá lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Inú ta ni kò ní dùn sí i? Àmọ́ òfin ọgbà ka ìyẹn sí ìpè ẹlẹ́ni mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọgbà ló sì kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ wọn ń ṣọ́ ọ. Tó bá fura, ìpè á já, owó tó ti lọ ti lọ. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ náà, wọ́n lè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Bákan náà ni wọ́n ka dídarí ìpè láti nọ́ńbà kan sí òmíràn, ẹ má ṣe é. Ohun tó dáa ni kí ẹ bi ọgbà náà bóyá ẹ̀rọ wọn ń pe òkè òkun. Àwọn kan ń gbà á, owó rẹ̀ sì máa ń wọ́n. Tí wọn kò bá gbà, kí àbúrò gbọ́ ohun tó bá sọ, kó pe màmá lẹ́yìn rẹ̀, kó sì sọ ọ́ fún un wẹ́kú, pẹ̀lú ẹ̀rín tó rín àti ibi tó ti dákẹ́.

Gbogbo ìpè ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Ẹ̀rọ á sọ ọ́ fún yín níbẹ̀rẹ̀, àwa náà á sì gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba lè gbọ́ ọ, ó sì lè gbé e lọ síwájú adájọ́. Ẹ má rò pé Yorùbá á bo ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń wá ẹni tó gbọ́ èdè kó túmọ̀ rẹ̀, àwọn tó gbọ́ Yorùbá ní Amẹ́ríkà kò sì wọ́n. Ẹnà ló tiẹ̀ burú jù, torí ẹni tó bá ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ lẹ́wọ̀n ti jọ ẹni tó ní nǹkan láti fi pamọ́. Ẹ má bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má ní kó tọrọ àforíjì lórí fóònù. Àwa Yorùbá a fẹ́ kí ọmọ wa sọ pé "mo ṣẹ̀, ẹ forí jì mí" kí ọkàn wa tó balẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an lè di ẹ̀rí lòdì sí i. Ẹ bi í nípa oúnjẹ, nípa oorun, nípa oògùn tó ń lò. Ẹ gbàdúrà fún un. Ẹ sọ fún un ẹni tó bímọ àti ẹni tó ṣe ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́, lọ́yà ló ni ín. Ìpè lọ́yà yàtọ̀, wọn kò gbọdọ̀ gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí wọ́n bá ti forúkọ nọ́ńbà lọ́yà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọgbà gẹ́gẹ́ bíi ti agbẹjọ́rò. Ẹ bi lọ́yà yín bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe so lọ́yà mọ́ ìpè tiyín láé.

Ìpè fídíò gba sùúrù ju ti ohùn lọ. Ẹ ó ṣí àkáǹtì, ẹ ó ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ yín, ẹ ó ya ti ojú yín, ẹ ó kọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n àti nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó dúró kí ọgbà fọwọ́ sí i. Wọ́n lè dá a padà nítorí pé orúkọ inú káàdì kò bá ti inú fọ́ọ̀mù mu, tàbí nítorí pé iná tàn sára káàdì tí ojú kò hàn. Ẹ gbé káàdì náà sórí aṣọ dúdú lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ pa fúláàṣì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ ó mú àkókò. Aago tí ẹ bá rí, aago ibi tí ọgbà wà ni. Nígbà òtútù, Nàìjíríà fi wákàtí 6 ṣáájú New York, ó fi 7 ṣáájú Houston. Nígbà ooru, tí wọ́n bá ti sún aago wọn síwájú, ó di 5 àti 6. Mo ti rí ẹni tó pàdánù ìpè tó ti sanwó rẹ̀ nítorí wákàtí kan yẹn.

Lọ́jọ́ náà, ẹ wọṣọ bí ẹni tó ń lọ sọ́gbà náà fúnra yín, ẹ má fi ìró nìkan jókòó síwájú kámẹ́rà nítorí pé ẹ wà ní yàrá yín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìpè náà kò gbọdọ̀ yọjú. Ọmọ aládùúgbò tó sáré wọlé láti kí àǹkù lè mú kí wọ́n gé e. Ẹ má wakọ̀. Ẹ má ya ojú fóònù yín sílẹ̀ bí fídíò. Níbi púpọ̀, ẹ tún lè lọ sọ́gbà náà kí ẹ lo ẹ̀rọ tiwọn láìsan kọ́bọ̀, èyí tó wá láti ilé ló ń gba owó.

Iye owó ń yí padà. Ìyá àgbà kan ní Washington, Martha Wright, afọ́jú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni kò lágbára owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́wọ̀n. Ó pẹjọ́ ní 2000, ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 2003. Ó kú ní 2015. Ní January 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó fún FCC lágbára lórí gbogbo ìpè ẹ̀wọ̀n, fídíò pẹ̀lú. FCC ní kí ìpè ohùn má ju sẹ́ńtì 6 fún ìṣẹ́jú kan lọ ní prison ní 2024, wọ́n wá sún un síwájú ní 2025, wọ́n sì tún gbé iye náà sókè. Nítorí náà, iye tó wà lójú ewé ilé iṣẹ́ náà lónìí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ wò ó bóyá ọ̀fẹ́ ni: ìpè kò gba owó mọ́ ní prison ìpínlẹ̀ Connecticut, California, Minnesota, Massachusetts àti New York, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àtìmọ́lé ìlú New York láti 2019. Bó bá jáde tí owó ṣẹ́kù, ẹ béèrè rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín wà ní England tàbí Wales, tiyín rọrùn díẹ̀. Nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀ máa ń rí bíi A1234BC. Òun ló máa kọ nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀ kí ọgbà yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fi PIN rẹ̀ pè yín. Orí GOV.UK, ìkànnì ìjọba ibẹ̀, ni ẹ ti máa béèrè ibi tó wà, ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí bí wọ́n ṣe ń mú àkókò ìpè fídíò.

Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ọkàn yín gbọgbẹ́. Bí ẹnì kan bá pè láti àtìmọ́lé pé kí ẹ jọ̀ọ́ tẹ *72 kí ẹ fi nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e, ẹ pa á. Ẹ máa darí fóònù yín sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni, ìwé owó rẹ̀ á sì wá bá yín. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ ọlọ́pàá, pé kí ẹ fi káàdì ẹ̀bùn san béèlì, irọ́ ló ń pa.

Nígbà míì ìpè kàn máa dáwọ́ dúró. Ẹ kọ́kọ́ wo owó inú àpò. Lẹ́yìn náà ẹ tún orúkọ rẹ̀ wá lórí ìkànnì, torí wọ́n lè ti gbé e lọ sọ́gbà mìíràn, ilé iṣẹ́ fóònù ibẹ̀ sì lè yàtọ̀, tí ẹ ó fi ṣí àkáǹtì tuntun. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè ti ti gbogbo ọgbà pa fún ọjọ́ díẹ̀, tàbí kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ pe ọgbà náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ kí ẹnì kan lọ fojú rí i bóyá ara rẹ̀ le. Ẹ béèrè àlùfáà ọgbà náà pẹ̀lú. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀, àti aago tó gbé e, kí ẹ tún pè lọ́la.